Kámẹ́rà, Òṣùpá àti Òjìji Ayé

Òṣùpá, arẹwà òru, atànmọ́lẹ̀-má-gbowó-epo, tí ó ń tàn fún ọba nínú ààfin tí ó sì ń tàn fún àlejò tí kò tíì rí ilé wọ̀ sí, kò sí ẹni tí a tọ́ dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́ tí kò jẹ ẹ́ ní gbèsè ọpẹ́, nítorí pé abẹ́ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni a ti pa àlọ́, abẹ́ rẹ̀ ni a ti ṣe eré bojúbojú, abẹ́ rẹ̀ náà sì ni àwọn àgbà ti yanjú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí ooru ọ̀sán kò jẹ́ kí wọ́n yanjú. Síbẹ̀, nígbà tí òru kan bá dé tí òjìji ayé ń ṣíji bò ó, ọ̀pọ̀ wa kì í wò ó pẹ́. A ó jáde, a ó gbójú sókè, a ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti ṣú, a ó pe ará ilé kí wọ́n wá wo nǹkan, a ó sì padà wọlé; bí a bá tún jáde lẹ́yìn wákàtí kan, a ó bá a pé ó ti pupa láti òkè délẹ̀, a kò sì ní lè sọ bí ó ṣe rìn tí ó fi débẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ojú ọmọ ènìyàn kò sì ní agbára láti rí ìrìn tí ó lọ́ra tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí èyí ni mo ṣe ka iṣẹ́ àwọn kan sí iṣẹ́ ńlá, àwọn tí ń gbé kámẹ́rà kalẹ̀ ní irú òru bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń ya fọ́tò kan tẹ̀lé òmíràn ní àkókò tí ó dọ́gba, tí wọ́n sì ń so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di fíìmù kan ṣoṣo, tí ó fi jẹ́ pé ohun tí ó gba òṣùpá ní wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin yóò kọjá lójú wa kí a tó mu omi ife kan tán. Time-lapse ni àwọn ayàwòrán ń pè é, èmi a sì máa pè é ní fíìmù àyàtẹ̀léra. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ẹ̀tàn ni, pé a ti fi ipá sáré àkókò, ṣùgbọ́n èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí pé kò sí fọ́tò kan nínú wọn tí kì í ṣe òótọ́, ìrìn tí wọ́n sì fi hàn wá jẹ́ ìrìn tí ó ṣẹlẹ̀ ní ti gidi, tí àìní-sùúrù ojú wa nìkan fi pamọ́ fún wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lókè. Ayé wa yìí, tí ìbú rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 12,700, a máa wọ ààrin oòrùn àti òṣùpá ní irú òru bẹ́ẹ̀, òjìji ńlá rẹ̀ a sì máa nà lọ sẹ́yìn, a máa tín-ín-rín bí ó ti ń lọ, títí tí yóò fi parí ní nǹkan bíi kìlómítà 1,400,000 sí ibi tí a wà. Ní ibi tí òṣùpá ń gbà kọjá, tí ó jìnnà sí wa tó kìlómítà 384,400, òjìji náà ṣì fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 9,000, nígbà tí ìbú òṣùpá fúnra rẹ̀ kò ju 3,474 lọ. Nítorí náà gbogbo òṣùpá lè wọ inú rẹ̀ tán kí àyè sì tún ṣẹ́kù. Òun ni ó ń rìn wọ inú òjìji. Wákàtí kan, tàbí kí ó lé díẹ̀, ni ó ń gbà á láti rìn tó ìbú ara rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé láti ìgbà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ti kọ́kọ́ ṣú di ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá ṣú tán a máa tó wákàtí kan.

Ayàwòrán tí ó mọ èyí ti ní ohun tí yóò fi ṣírò. Bí òṣùpá yóò bá lo wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 17 láti ìgbà tí ó bá fi etí kan òjìji títí tí yóò fi bọ́ kúrò nínú rẹ̀ pátápátá, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní oṣù kìíní ọdún 2019, tí kámẹ́rà sì ń ya fọ́tò kan ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá, fọ́tò 1,182 ni yóò kó jọ. Bí a bá sì jẹ́ kí mẹ́rìnlélógún nínú wọn máa kọjá láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí nínú sinimá, fíìmù náà yóò gùn tó ìṣẹ́jú àáyá mọ́kàndínláàádọ́ta. Kò gùn, ṣùgbọ́n ó tó. Ẹni tí ó bá ń ya fọ́tò kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan yóò rí i pé fíìmù òun kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án, òṣùpá inú rẹ̀ yóò sì máa fò láti ibì kan dé ibòmíràn, kò ní máa rìn.

Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí a máa rò pé àìsùn ni ìṣòro rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ni. Òṣùpá tí ó kún mọ́lẹ̀ ju bí a ti rò lọ, nítorí pé oòrùn ń ràn sí i ní gbangba láìsí ìkùukùu kankan láàrin wọn. Bí a bá fi ihò lẹ́ǹsì sí f/8 tí ISO, ìyẹn ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí, sì wà ní 100, a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ojú kámẹ́rà ṣí ju ìdá kan nínú 250 ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò funfun jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjìji bá bò ó tán, lẹ́ǹsì yìí kan náà, bí a tilẹ̀ gbé ISO rẹ̀ dé 800, lè fẹ́ kí ojú kámẹ́rà là sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin gbáko kí àwòrán tó hàn dáadáa. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì jẹ́ ìlọ́po ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Ìwọ̀n kan ṣoṣo kò lè bá irú òru bẹ́ẹ̀ dé òpin. Bí a bá sì sọ pé kí kámẹ́rà máa yan ìwọ̀n fúnra rẹ̀, yóò wo gbogbo òfuurufú dúdú tí ó yí òṣùpá ká, yóò rò pé òkùnkùn ni a ní kí òun yà, yóò sì la ojú sílẹ̀ títí òṣùpá yóò fi di àbàwọ́n funfun lásán tí kò ní òkè tí kò sì ní kòtò.

Nítorí náà ọwọ́ oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ máa yí i, tàbí kí ó ti kọ́ ẹ̀rọ kékeré tí ń bá a tẹ kámẹ́rà ní bí yóò ṣe máa yí i, ní ìwọ̀n kékeré kékeré, kí ẹni tí yóò wo fíìmù náà má baà mọ ìgbà tí a yí i. Bí a bá fò láti ìwọ̀n kan sí òmíràn lẹ́ẹ̀kan náà, fíìmù yóò máa ṣẹ́jú pàkàpàkà, ọkàn òǹwòran yóò sì kúrò lórí òṣùpá lọ sórí àṣìṣe oníṣẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jùlọ ni ààrin méjì, nígbà tí ìdajì òṣùpá ṣì ń tàn tí ìdajì kejì sì ti wọ òkùnkùn, nítorí pé kámẹ́rà kò lè dá àwọn méjèèjì lóhùn pa pọ̀: bí ó bá gba ti ẹ̀gbẹ́ tí ó mọ́lẹ̀, ti òkùnkùn yóò parẹ́, bí ó bá gba ti òkùnkùn, ẹ̀gbẹ́ tí ó mọ́lẹ̀ yóò jóná di funfun. Àwọn kan a máa ya fọ́tò mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan náà, wọn a sì pa wọ́n pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ní tèmi, mo fẹ́ràn kí oníṣẹ́ fara mọ́ ẹ̀gbẹ́ tí ó mọ́lẹ̀ títí yóò fi ku tín-ín-rín, kí ó tó wá máa la ojú kámẹ́rà rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé nígbà náà ni etí òjìji máa ń hàn kedere, tí a ó rí i pé ó tẹ̀ kọrọdọ, tí pípupa òṣùpá yóò sì jáde wá lẹ́yìn náà ní àkókò tirẹ̀.

Pípupa yìí fúnra rẹ̀ tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ gbé kámẹ́rà jáde. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ó bá fara kan etí ayé a máa gba inú afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká kọjá, afẹ́fẹ́ náà a máa fọ́n àwọ̀ búlúù inú rẹ̀ ká, a sì máa tẹ pupa tí ó ṣẹ́kù wọ inú òjìji. Bí a bá rò ó dáadáa, gbogbo ìlà oòrùn àti gbogbo ìwọ̀ oòrùn tí ń ṣẹlẹ̀ yí ayé ká ní wákàtí náà ni ó pa pọ̀ tàn sí ojú òṣùpá. Nítorí náà bí afẹ́fẹ́ ayé bá ṣe rí ni òṣùpá yóò ṣe pupa sí. Nígbà tí òkè oníná Pinatubo bú gbàmù ní ilẹ̀ Philippines ní oṣù kẹfà ọdún 1991, tí eruku àti èéfín rẹ̀ sì gòkè réré yí ayé ká, òṣùpá tí ó wọ òjìji ní oṣù kejìlá ọdún 1992 ṣókùnkùn gidigidi, tí ó fi ṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti rí i rárá. Onímọ̀ ìràwọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, André Danjon, ti fi òṣùwọ̀n kan lélẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, láti òdo, tí í ṣe òkùnkùn biribiri, títí dé mẹ́rin, tí í ṣe pupa tí ó ń dán, òun náà sì ni a ṣì ń lò dòní. Ayàwòrán tí ó bá jẹ́ kí kámẹ́rà máa pààrọ̀ àwọ̀ bí ó ti wù ú ti ba ẹ̀rí yìí jẹ́. Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni kí ó fi kámẹ́rà sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó má sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ìrìn òfuurufú. Ayé ń yí, nítorí náà òṣùpá kì í dúró ní iwájú lẹ́ǹsì. Láàrin ìṣẹ́jú méjì ni yóò ti sún kúrò ní ipò rẹ̀ tó ìbú ara rẹ̀. Lẹ́ǹsì gígùn tí ó tó mìlímítà 500 yóò fi òṣùpá hàn dáadáa, ṣùgbọ́n bí kámẹ́rà bá dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ láìyí, òṣùpá yóò ti ré kọjá nínú àwòrán láàrin nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Lẹ́ǹsì kúkurú tí ó jẹ́ mìlímítà 24 yóò gba gbogbo ìrìn rẹ̀ mọ́ra láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú òkè, igi àti òrùlé tí ó wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n òṣùpá inú rẹ̀ kò ní tóbi ju ẹyọ ọkà bàbà kan lọ nínú àwòrán tí ó fẹ̀ bí ẹní. Àwọn méjèèjì ní ẹwà tiwọn, oníṣẹ́ ni yóò sì yan èyí tí ó wù ú kí oòrùn tó wọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí ó ga ju ìwọ̀nyí lọ lójú mi. A lè gbé kámẹ́rà lé orí ẹ̀rọ tí ń yí tẹ̀lé òfuurufú, ẹ̀rọ náà sì ní ìrìn tí ó ju ẹyọ kan lọ: ó lè tẹ̀lé òṣùpá, ó lè tẹ̀lé ìràwọ̀, ó sì lè rìn bí oòrùn ti ń rìn. Bí ó bá ń tẹ̀lé òṣùpá, òṣùpá yóò dúró gbọn-in láàrin àwòrán, a ó sì rò pé nǹkan dúdú kan ni ó ń kọjá lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òdìkejì oòrùn gan-an ni òjìji ayé máa ń wà, nítorí náà bí a bá ní kí ẹ̀rọ náà máa rìn bí oòrùn, òjìji ni yóò dúró, a ó sì rí òṣùpá tí ó gba ẹ̀gbẹ́ kan wọ inú rẹ̀ tí ó sì gba ẹ̀gbẹ́ kejì jáde. Bí a bá tún wá to àwọn fọ́tò náà lé ara wọn, àyíká òjìji yóò yọ sí wa lójú, ó rí roboto, ó sì fẹ̀ ju òṣùpá lọ ní ìlọ́po méjì ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Ṣáájú kí a tó bí Jésù ni Aristotle ti sọ ọ́ ní ilẹ̀ Gíríìkì pé yíyípo etí òjìji yìí jẹ́ ẹ̀rí pé ayé rí roboto. Ojú lásán àti làákàyè ni ó fi rí i. Àwa wá ní àǹfààní láti fi ohun tí ó rò hàn fún ọmọdé ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú kan, inú mi a sì máa dùn gidigidi nígbà tí mo bá rò ó.

Bí fíìmù àyàtẹ̀léra ti dára tó yìí, ó ní ibi tí ó kù sí, ohun tí ó sì ṣẹlẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ 21, oṣù kìíní ọdún 2019, fi í hàn dáadáa. Ní ilẹ̀ Sípéènì, tí aago wọn ní ìgbà ọyẹ́ bá ti Nàìjíríà dọ́gba, onímọ̀ ìràwọ̀ kan tí ń jẹ́ José María Madiedo, ti Yunifásítì Huelva, ti to awò awọ̀nàjíjìn mẹ́jọ sójú òṣùpá, nítorí ó ti pẹ́ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣọ́ òkúta tí ń já bọ́ láti òfuurufú sórí òṣùpá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ méjì tí kò fi ojú kan oorun nítorí ìmúrasílẹ̀ náà. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú 41 ni òjìji bo òṣùpá tán, kò sì tíì pé ìdajì ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà tí ìmọ́lẹ̀ kan kọ mànà ní etí òṣùpá tí ó sì kú. Ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan ni ó lò. Òkúta kan tí wọ́n ṣírò pé ó wọ̀n tó kìlógíráàmù 45 ni ó fi eré kìlómítà 61,000 ní wákàtí kan sọ ara rẹ̀ mọ́ òṣùpá, tí ó sì gbẹ́ kòtò tí fífẹ̀ rẹ̀ lè tó mítà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a ó mú irú rẹ̀ dájú nígbà tí òṣùpá wà nínú òjìji.

Ẹ wá ro ọ̀ràn ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ ń la ojú fún ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ó sì ń pa á dé fún mẹ́sàn-án tí ó tẹ̀lé e. Gbogbo ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ láàrin mẹ́sàn-án yẹn kò sí nínú fíìmù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ní mọ̀ láéláé pé ohun kan ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ya òṣùpá lówùúrọ̀ ọjọ́ náà ní Yúróòpù, ní Áfíríkà àti ní Amẹ́ríkà, àwọn tí kámẹ́rà wọn sì lajú sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an rí i lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn pé ìmọ́lẹ̀ kékeré náà wà nínú fọ́tò tiwọn pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí mo fi ń gba ẹni tí ó bá ní kámẹ́rà méjì nímọ̀ràn pé kí ó fi ọ̀kan sílẹ̀ kí ó máa ya fídíò láìdánu dúró nígbà tí òṣùpá bá wà nínú òkùnkùn, kí èkejì máa ṣe iṣẹ́ àyàtẹ̀léra tirẹ̀.

Èmi kò ka iṣẹ́ yìí sí eré ìdárayá. Bí òjìji bá bo òṣùpá, àwọn àgbà wa kan a máa sọ pé oòrùn àti òṣùpá ni ó ń jà, ọ̀rọ̀ náà kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ 9, oṣù kìíní ọdún 2001, nígbà tí òṣùpá wọ òjìji tí gbogbo Nàìjíríà sì lè rí i, àwọn ọ̀dọ́ kan ní ìlú Maiduguri gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ni ó fà á, wọ́n sì tú jáde lọ kọlu àwọn ilé ọtí àti ilé ìtura. Oṣù lé, wọ́n ní kò gún. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o kí ó tún un ṣe. Ẹni tí ó bá ti rí fíìmù irú èyí rí, tí ó ti rí i pé òṣùpá wọlé ní ìwọ̀n ìrìn kan ó sì jáde ní ìwọ̀n ìrìn yẹn kan náà, yóò ṣòro fún un láti gbà pé inú ló ń bí i. Ó yẹ kí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ wà lọ́pọ̀lọpọ̀, tí a yà láti orí òkè tiwa, tí a sì fi èdè tiwa sọ ìtàn rẹ̀.

Òfuurufú ilẹ̀ wa ní ìṣòro tirẹ̀. Ní ìgbà òjò, ìkùukùu lè gba gbogbo òru mọ́ wa lọ́wọ́, ìrì a sì máa sẹ̀ sójú lẹ́ǹsì. Ní ìgbà ọyẹ́, ojú ọ̀run a máa dá, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ a máa mú òṣùpá ṣú bí ó bá ti sún mọ́ ilẹ̀. Ní ọjọ́ 7, oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, inú òjìji ni òṣùpá ti yọ sí wa ní Èkó àti Ìbàdàn, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ kò tíì tán, irú òṣùpá bẹ́ẹ̀ sì ṣòro fún ojú láti wá rí, ká má tilẹ̀ sọ ti kámẹ́rà. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: kí a gba agbára sínú bátìrì méjì ó kéré tán, kí a tú inú mẹ́mọ́rì káàdì dànù kí àyè lè wà, kí a fi ìràwọ̀ kan tún ojú lẹ́ǹsì ṣe kí a sì fi téèpù lẹ̀ ẹ́ kí ó má baà yí, kí a sì fi Stellarium, ètò kọ̀ǹpútà kan tí a lè rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́, mọ ọ̀nà tí òṣùpá yóò gbà kí alẹ́ tó lẹ́.

Ọdún 2029 yóò fún wa ní méjì. Èkínní, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ 26, oṣù kẹfà, òṣùpá yóò wà nínú òjìji pátápátá fún ìṣẹ́jú 102, láti nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀ títí di aago márùn-ún kọjá, ṣùgbọ́n àkókò òjò ni, ẹni tí ó bá lè rìnrìn àjò lọ sí apá àríwá kí ó lọ. Èkejì ni mo ń fojú sọ́nà fún jùlọ, ní alẹ́ ọjọ́ 20, oṣù kejìlá, nígbà tí òjò ti lọ tí òṣùpá yóò sì ga sókè dáadáa lórí wa: nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ ni òjìji yóò kọ́kọ́ kàn án, ìṣẹ́jú 54 ni yóò fi wà nínú rẹ̀ tán, aago kan ààbọ̀ òru yóò sì ti bá a níta. Ẹni tí yóò bá lo lẹ́ǹsì kúkurú ní alẹ́ náà, kí ó gbé ojú kámẹ́rà rẹ̀ sókè gidigidi, kí ó má sì retí pé igi tàbí òrùlé yóò bá òṣùpá wọ inú àwòrán kan náà.